Àwọn Ihò tí Bàbá Ayẹni Dí

Bí Bàbá Ayẹni bá ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá eegun láàárọ̀, kì í sáré wọlé. Á fi ẹsẹ̀ kan sínú, á fi ìkejì sílẹ̀ síta, bí ẹni tó ti pinnu ọ̀nà tí yóò gbà sá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Á wá wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ayẹni ni o. N ò bá tìjà wá." Á dúró díẹ̀, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ni á tó na ọwọ́ tan iná. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé ìṣègùn kan lẹ́yìn Baṣọ̀run, kò sì tíì sí àárọ̀ kan tí wọ́n jẹ́ hòo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣì máa wá síbi iṣẹ́.

Ojo ni Bàbá Ayẹni, kò sì fi bò. Ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀ḿbí, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ lọ, máa ń wí pé bí ajá bá gbó ní Agbowó, ọkọ òun á ta jí ní Baṣọ̀run. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́fà ló kà ní Èkìtì kó tó wá wáṣẹ́ wá sí Ìbàdàn. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó kàwé, á kọ́kọ́ wo ojú wọn, á wo ọwọ́ wọn, á wo ilẹ̀, kí gbólóhùn kan tó yọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ eegun tọ́jú tó o. Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, òun ló ń sá wọn sórí ìwé ìròyìn, òun ló ń fi íǹkì kọ nọ́ńbà sí ìpàkọ́ agbárí kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta agbárí ló tò sórí pẹpẹ, gbogbo wọn ló sì fún lórúkọ. Ìyá Ọlọ́yàyà wà níbẹ̀, tí eyín rẹ̀ pé bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Bàbá Oníwájú wà níbẹ̀. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń pè ní Tẹ̀gàn-ò-sí, nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e tí kì í sọ pé ó dára.

Nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn ni Dókítà Tiwalọlá dé. Olùkọ́ tuntun ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Kò wá wo eyín, kò wá wo àgbọ̀n. Kòtò ojú ló ń wò, ilé eegun tí ẹyinjú ń gbé. Á gbé agbárí kan sórí aṣọ, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò ọ̀tún, á tan án sínú tòsì, á ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tó bá rí, á kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ kejì tó dé ló ti ń pe Bàbá Ayẹni ní Dádì. Bí iṣẹ́ bá mú un débi tó gbàgbé oúnjẹ, Bàbá Ayẹni á bó ẹ̀pà sínú àwo, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí Bàbá Ayẹni bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun náà á ti ra oògùn ikọ́ dé láti Bódìjà kó tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Ayẹni kò bí obìnrin. Jésùtóbi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Nígbà mìíràn, bí Dókítà bá pè é ní Dádì, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, Dókítà pè é.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá Ayẹni nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó rọra wá. Dókítà gbé Bàbá Oníwájú sọ́wọ́, ó fi èékánná tọ́ka sí bèbè òkè kòtò ojú.

"Ẹ rí ibi tó jẹ wọlé díẹ̀ yìí? Bí ibi tí eku ti gé búrẹ́dì jẹ?"

"Mo rí i, Dókítà."

"Iṣan ìmọ̀lára ló ń gba ibẹ̀ jáde lọ síwájú orí. Ẹlòmíràn ò ní ibi jíjẹ yìí o. Tiẹ̀, eegun á yí iṣan yẹn ká, á wá di ihò gidi. Ẹlòmíràn, ọ̀tún á jẹ́ ihò, òsì á jẹ́ ibi jíjẹ. Ẹlòmíràn sì ní ihò méjì lójú kan."

"Ṣé... ṣé àìsàn ló ń lu wọ́n bẹ́ẹ̀ ni? Àbí kòkòrò?"

"Rárá o! Bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú ni. Ọmọ ìka ò dọ́gba, ṣé kòtò ojú ló máa wá dọ́gba?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín."

Kí Bàbá Ayẹni tó rí ohun wí, ó ti fi àtàǹpàkò méjèèjì lé eegun òkè ojú rẹ̀, ó ń rọra wá a bí ẹni ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn. Ó tẹ ibì kan, ó ta Bàbá Ayẹni wìn-ìn títí dé irun.

"Ẹ gbọ́ ọ? Tiyín jẹ wọlé lápá méjèèjì. Ẹ mọ́ tónítóní, Dádì!"

Bàbá Ayẹni rẹ́rìn-ín nítorí pé òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn kọ́ ni mo tiẹ̀ pè yín sí," ni Dókítà wí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò ojú náà, sí ògiri ẹ̀yìn tó wà níhà etí. "Ihò bíńtín kan wà tó máa ń wà níbí, tó fẹ́ẹ̀ má gba orí abẹ́rẹ́. Àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní in. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré ló ń gbà á. Bí oníṣẹ́-abẹ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹyinjú tí kò rò ó síbẹ̀, ó lè gé e. Ẹ̀jẹ̀ á bò ó lójú, kò ní mọ ibi tó ti ń wá. Ìdí tí mo fi ń kà á nìyẹn, kí àwọn dókítà tiwa níbí lè mọ iye èèyàn tó ní in. Ẹ mọ ohun tí mo rí? Àádọ́ta agbárí àkọ́kọ́, kò sí ẹyọ kan tó ní in. Ẹyọ kan! Mẹ́wàá tó dé kẹ́yìn, mẹ́rin nínú wọn ló ní in."

Bàbá Ayẹni wo ilẹ̀.

"Níbi gbogbo láyé tí wọ́n ti kà á, wọ́n ń rí i. Àfi tiwa. Mo rò ó títí. Mo wá rò pé bóyá ìdílé kan náà, ìlú kan náà, làwọn àádọ́ta yẹn ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni, Dádì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́ lókè òkun ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni màá dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí màá sọ ọ́. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìjẹta."

Ojú rẹ̀ ń dán. Bàbá Ayẹni ní, "Ọlọ́run á... Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́," ó sì lọ dúró síbi agbada omi, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó dé nìyí. Nígbà tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, Ọ̀gá Mánsúrù ló ń bójú tó yàrá eegun. Ọkùnrin gàgàrà ni, ohùn rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àgbọ̀n kan bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ayẹni, eyín méjì fò jáde. Ọ̀gá Mánsúrù pariwo débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá jáde ní kíláàsì: "Ayẹni! Bí mo bá tún rí eegun tó sán tàbí tó lu lọ́wọ́ ẹ, ọ̀nà tí o gbà wá láti Èkìtì ni wàá gbà padà!" Lóṣù kejì, bí Bàbá Ayẹni ti ń gbẹ agbárí kan nínú oòrùn, ó rí ihò bíńtín kan ní ẹ̀yìn kòtò ojú, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Àyà rẹ̀ já. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì òun ló lu ú, tàbí kí kòkòrò ti wọ inú eegun nígbà tí òun ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bẹ̀rù kì í béèrè.

Ìda àbẹ́là ló lò. Ní ìjọ Aládùúrà tí òun àti Àbẹ̀ḿbí ń lọ ní Agbowó, òun ló ń gbá iwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìsìn, ìda àbẹ́là sì pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ó kó o sínú ọ̀rá wá sílé. Ó lọ ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn, ó fi eruku díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti eegun, ó fi ẹnu igi ìṣáná tì í bọ inú ihò, ó fi ìka nù ún títí ó fi dán. Ó gbàdúrà sí i. Kò sí ẹni tó mọ̀. Láti ìgbà náà, agbárí tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, á wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sí oòrùn. Èyí tó bá ní ihò bíńtín yẹn, á dí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ìgbà tí Ọ̀gá Mánsúrù fẹ̀yìn tì tó padà sí Ìṣẹ́yìn ló tó simi. Àwọn mẹ́wàá tó dé lẹ́yìn ìyẹn, kò fọwọ́ kan ihò wọn.

Àwọn mẹ́wàá náà ni Dókítà ń wí.

Nírọ̀lẹ́, Àbẹ̀ḿbí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó ń rán sùtánà funfun fún àwọn ọmọ ìjọ, pín-ìnnì mẹ́rin wà láàárín ètè rẹ̀. Bàbá Ayẹni jókòó tì í lórí àpótí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò lé eegun òkè ojú ìyàwó rẹ̀.

Àbẹ̀ḿbí dá ẹ̀rọ dúró. Ó tu pín-ìnnì sọ́wọ́. "Kí lẹ̀ ń wá lójú mi? Ṣé ipin ni?"

"Dúró ná. Má mira."

"Bàbá Jésùtóbi, ojúde la wà yìí o, àwọn ará àdúgbò ń wò wá."

"Apá ọ̀tún jẹ wọlé," ni Bàbá Ayẹni wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Apá òsì... apá òsì tẹ́jú. Kò ní. Ihò ni tibẹ̀ á jẹ́."

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yìí, òní ló tó rí i pé ojú mi ò dọ́gba! Ṣé ẹ fẹ́ dá mi padà fún bàbá mi ni?"

Bàbá Ayẹni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú ìyàwó rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí di ọwọ́ náà mú. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fa ẹ̀gún yọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró láàárín. Nígbà tó dé ibi àbẹ́là, Àbẹ̀ḿbí bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí sùtánà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Àbẹ́là ìjọ! Àbẹ́là tí wòlíì gbàdúrà sí lẹ fi dí ojú òkú! Háà, ará Èkìtì! Ẹ lè gún iyán fún ogún èèyàn, ẹ ò lè la ẹnu bi èèyàn ní ìbéèrè kan."

"Máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á lé mi."

Ẹ̀rín Àbẹ̀ḿbí tán. Ó gbé aṣọ náà, ó gbọn eruku ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi tiyín sílẹ̀ ná. Ọmọ tó ń pè yín ní Dádì, òun ńkọ́? Ẹ ó jẹ́ kó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, á máa sọ pé àwọn òkú yìí ò ní ihò. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fi abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀ tí àbẹ́là jáde, ta ni wọ́n máa ní ó purọ́? Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Mo ti rò ó. Màá tètè dé lọ́la. Màá yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dé. Á kàn rí i pé ihò ti wà."

"Èyí tó ti kọ sínú ìwé pé kò sí?"

Bàbá Ayẹni bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa òwú nílẹ̀.

"Ẹ̀ ń fi irọ́ rọ irọ́ lórí, bí ìgbà tí wọ́n ń to bíríkì," ni Àbẹ̀ḿbí wí, ó sì dá pín-ìnnì padà sẹ́nu. Ó tún un yọ. "Ẹ sọ fún un. Bó bá bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje kò tíì lù tí Bàbá Ayẹni fi dé yàrá eegun. Ó kí àwọn ará ibẹ̀ tán, ó gbé Ìyá Ọlọ́yàyà sílẹ̀, ó yọ ọ̀kan nínú pín-ìnnì Àbẹ̀ḿbí nínú àpò. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi orí pín-ìnnì wá ibẹ̀.

Pín-ìnnì yọ̀, ó lọ dúró lára ògiri tó wà níhà imú. Ògiri yẹn fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì là á kọjá sí òdìkejì. Bàbá Ayẹni kò mí. Bó bá sín báyìí, eegun náà á lu, á lu ní tòótọ́. Ó rọra fa pín-ìnnì sẹ́yìn bí ẹni ń fa ọwọ́ kúrò lórí ejò. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ìwé Dókítà tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Nọ́ńbà méjìlá, Ìyá Ọlọ́yàyà: òdo lápá ọ̀tún, òdo lápá òsì. Dókítà fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ìlà tó gún régé. Ẹni tó fa ìlà bẹ́ẹ̀ kò rò pé ẹnikẹ́ni ń tan òun jẹ.

Ó ṣì ń wo ìlà náà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Háà, Dádì! Ẹ ti dé? Ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ̀ ń wá lára Ìyá Ọlọ́yàyà láàárọ̀ kùtù?"

Bàbá Ayẹni wo ojú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Dókítà. Ẹ má... ẹ má sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀."

"Kí ni mi ò ní sọ?"

"Pé wọn ò ní ihò. Wọ́n ní in. Èmi ni mo... Èmi ni mo dí wọn."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà, ó rí pín-ìnnì. Ó gba Ìyá Ọlọ́yàyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi abẹ́rẹ́ tirẹ̀ họ ibi tí Bàbá Ayẹni tọ́ka sí. Nǹkan funfun kan ká kòńkòló wá sí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àbẹ́là?"

"Ẹ dákun. Mo rò pé èmi ni mo lu wọ́n. Ọ̀gá Mánsúrù ní bí eegun kan bá lu... Mo rò pé èmi ni."

Dókítà jókòó. Ó ń yí ìda náà láàárín ìka méjèèjì. "Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà, Dádì," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀ ń bó ẹ̀pà fún mi lójoojúmọ́, ẹ sì ń wò mí tí mò ń kọ òdo."

"N ò mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń wá nìyẹn. Àná lẹ tó sọ fún mi. Bí mo bá mọ̀ tẹ́lẹ̀..." Ó dúró. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. "Bí mo bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n má sọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni."

Dókítà dìde, ó jáde. Bàbá Ayẹni gbọ́ bàtà rẹ̀, kò, kò, kò, lọ sí ọ̀nà ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Ó ti mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀: ife, ṣálúbàtà, fìlà tó máa ń fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó to Ìyá Ọlọ́yàyà padà sáyè rẹ̀. Ó ní, "Ó dìgbà o."

Ìgbà tí Dókítà wọlé padà, ojú rẹ̀ tutù, omi ẹ̀rọ ṣì wà létí irun rẹ̀. Ó wo ife àti ṣálúbàtà tó wà nínú ọ̀rá.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo rò pé ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn."

"Mo lọ bọ́jú ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sunkún, mo wá rántí ọ̀rọ̀ ìdílé kan náà, ìlú kan náà, tí mo fẹ́ lọ sọ níwájú àwọn àgbàlagbà, ẹ̀rín wá ń pa mí. Àádọ́ta èèyàn! Ẹbí Àbẹ́là!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Inú ń bí mi sí yín o, Dádì. Ẹ má rò pé kò bí mi. Màá bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó. Ẹ rántí àwọn tí ẹ dí?"

"Mo rántí gbogbo wọn."

"Ẹ kọ ọ́ síbì kan ni?"

"N ò kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbà gbọ́. Ó ní kó dijú. Ó yan agbárí kan láàárín pẹpẹ, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá Ayẹni fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìpàkọ́ rẹ̀, ó fi ìka yí bèbè ojú rẹ̀ ká.

"Tẹ̀gàn-ò-sí ni. Mo dí ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀tún ò ní rárá."

Òmíràn.

"Bàbá Oníwájú. Méjèèjì. Èyí tó wà lọ́tùn-ún, ọjọ́ òjò ni, kò tètè gbẹ."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó fa ìwé tuntun kan jáde. "Ó dáa. A ó yọ wọ́n. A ó kà wọ́n lákọ̀tun."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fi fóònù pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí n tó wọlé, mo ní mi ò tíì ṣe tán. Wọ́n sún un sí oṣù tó ń bọ̀." Ó ṣí kálàmù rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé a dí wọn rí, Dádì. Mi ò lè gbé e pa mọ́. A ó sì jọ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka, èmi pẹ̀lú yín."

Wọ́n jọ lọ. Bàbá Ayẹni kò rántí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ohun tó rántí ni pé lẹ́ẹ̀mejì tí ohùn òun há, Dókítà kò bá òun parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró títí òun fi parí rẹ̀ fúnra òun. Wọ́n fún un ní kúérì. Àbẹ̀ḿbí ló bá a kọ ìdáhùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ìwé kan péré ni, kò sì jẹ́ kó fi ẹ̀bẹ̀ kún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Dókítà gbé dráyà irun rẹ̀ wá láti ilé. Bó ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú kòtò ojú, ìda àbẹ́là á rọ̀, Bàbá Ayẹni á fi òwú tí wọ́n wé mọ́ orí igi fà á jáde, á ki wáyà bọ̀ ọ́ wò, á sì ké iye rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ké e bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níbi òkú. Ìgbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, ohùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀nà ìta.

"Òsì, ọ̀kan!"

"Mo ti kọ ọ́. Ẹ rọra, Dádì, etí mi wà níbí."

"Ọ̀tún, ọ̀kan, ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti Tẹ̀gàn-ò-sí lọ!"

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ, wọ́n á jókòó jẹ ẹ̀pà, Dókítà á máa fi hàn án bí a ti í mọ ihò àdáyébá. Ó fún un ní gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Ihò tí a bá bí mọ́ èèyàn, ẹnu rẹ̀ á dán, á yípo, bí ẹnu ìkòkò tí amọ̀kòkò fi ọwọ́ omi nù. Èyí tó bá jẹ́ pé ó lu ni, ẹnu rẹ̀ á rí págunpàgun. Ihò méjìdínlógójì ló dí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣí, Bàbá Ayẹni á gbé gíláàsì sójú, á wò ó pẹ́. Dídán. Dídán. Ìyá Ọlọ́yàyà, dídán lápá méjèèjì. Ó wá ń dà bí ẹni tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní okùn, wọ́n ń tú okùn náà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, agbárí kékeré kan tó ń pè ní Àfẹ́jù. Ibi tí ihò rẹ̀ wà yàtọ̀. Ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níhà imú ni. Ìda jáde. Bàbá Ayẹni gbé gíláàsì sójú.

Ó wò ó. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó tún un wò. Kálàmù Dókítà dúró lórí ìwé.

"Ẹnu eléyìí ò dán," ni Bàbá Ayẹni wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó rí págunpàgun." Ó gbé gíláàsì sílẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kì kì kì bí ti ọjọ́sí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wo ilẹ̀. "Èmi ni mo ṣe eléyìí, Dókítà. Mo rántí. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo lò lọ́jọ́ náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ jù. Èmi ni mo lu ú."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Dókítà kọ ọ́. Bàbá Ayẹni tẹ orí sí ìwé náà. "Kí lẹ kọ?"

"Pé ó lu níbi fífọ̀, a ò kà á mọ́ wọn."

"Ẹ kọ ẹni tó lu ú sí i."

Dókítà gbójú sókè. "Kò pọn dandan, Dádì."

"Ẹ kọ ọ́. Mẹ́tàdínlógójì kì í ṣe tèmi. Eléyìí ni tèmi."

Ó kọ ọ́. Bàbá Ayẹni ka orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó mi orí, ó gbé Àfẹ́jù padà sí àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ.

"Ṣé ó tán?" ni Dókítà bi í.

"Ó tán."

"Ẹ gbé nọ́ńbà kìíní wá nígbà náà, ká kà wọ́n lákọ̀tun," ló wí, ó sì ṣí ojú ewé tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. "Kí n tó gbàgbé, ìyàwó yín pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní bóyá mo lè wá wo ojú àwọn, pé ẹ sọ pé òsì àwọn tẹ́jú."

"Ó tẹ́jú," ni Bàbá Ayẹni wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé nọ́ńbà kìíní sọ̀ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé mo ní ó rẹwà bẹ́ẹ̀. Á fi í yangàn dé ìjọ."